Àpótí Tí Màmá Mi Rà Dè Mí

"Wọ́n gbà! Wọ́n ti gbà! Màmá, wọ́n ti gbà o!"

Bí mo ṣe ń pariwo wọ Apọ́ngbọ̀n nìyẹn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀kì funfun ní gbogbo iwájú síkẹ́ẹ̀tì mi. Alábàárù kan tó ru ẹrù aṣọ yà fún mi. Obìnrin kan fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ẹ yàgò, wọ́n ń lé ọmọ yìí bọ̀!" Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ayọ̀ ló ń lé mi. Láti Màrínà ló ti ń lé mi bọ̀, n ò sì rántí pé mo dúró mí níbì kankan.

Màmá mi wà nídìí ọjà ẹ̀, láàárín òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì àti síìpù tó ń tà fáwọn télọ̀. Ó dìde fùú. Rólì òwú tó wà lórí itan ẹ̀ já bọ́, ó yí lọ sí gọ́tà.

"Kí ló dé? Ta ló bímọ?"

"Kò sẹ́ni tó bímọ, Màmá. Wọ́n gbà ni mo ní!"

"Wọ́n gba kí ni lọ́wọ́ ẹ? Báàgì ẹ dà?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí ò jẹ́. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló ń bọ́ lójú mi. Mo wá kàn nawọ́ sí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àpótí tuntun tẹ́nì kankan ò tíì jókòó lé rí, mo ń mi orí: rárá, rárá, rárá. Màmá mi wo àpótí, ó wò mí, ó tún wo àpótí. Ó ti yé e.

Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, torí bí mo bá ń sọ ọ́ báyìí, kò ní yé ẹnì kankan.

Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán, bàbá mi ní kí n wáṣẹ́ díẹ̀ ṣe ná, ká fi mọ ibi tí orí mi fẹ́ gbé mi lọ. Mo ríṣẹ́ nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Màrínà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà nísàlẹ̀ ilé yẹn, òun nìkan gba odidi yàrá, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù tọ́jú ẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú abiyamọ tuntun. Yunifásítì kan tó wà lódìkejì afárá háyà yàrá méjì lókè níbẹ̀, káwọn ọmọ ilé-ìwé wọn lè máa rí kọ̀ǹpútà náà lò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa lu káàdì. Káàdì yìí, bébà líle ni. Ohun tó o bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀, wàá fi ẹ̀rọ lu ihò kéékèèké sí i lára, kọ̀ǹpútà á wá máa ka ihò yẹn bí afọ́jú ṣe ń fọwọ́ kàwé. Èèyàn kan, káàdì kan. Ẹrù kan, káàdì kan. Bẹ́ẹ̀ ni.

Tísà tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà, ọmọ Pópó Àgùdà ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń wọ táì nínú oòrùn tí kò sì ní làágùn. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn ni béèyàn ṣe lè to ọ̀rọ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà tí kò fi ní di rúdurùdu, tó fi jẹ́ pé ìbéèrè tó bá wù ẹ́ lo lè bi í lọ́jọ́ tó bá wù ẹ́. Ibi tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ náà jọ sí ni wọ́n ń pè ní détábéèsì. Tísà ní kéèyàn tó mọlé, á kọ́kọ́ ya ilé náà sórí bébà ná: yàrá wo ni ti ta ni, ilẹ̀kùn wo ló lọ síbo. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀rọ̀, pé ẹni tó bá kàn ń da ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ láìya ilé ẹ̀, ààtàn ló ń kọ́. Èmi á wà nídìí ẹ̀rọ mi, màá la etí sílẹ̀. Háà, ẹ̀kọ́ yẹn dùn! Ó dùn ju sinimá lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń ràn án lọ́wọ́, tó máa ń bá àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Ó rí àyè lọ sílùú òyìnbó, ó sì lọ. Lọ́jọ́ kan Tísà dúró nídìí ẹ̀rọ mi.

"Sisí, mo máa ń rí ẹ tó o ń mi orí nígbà tí mo bá ń kọ́ wọn. Nígbà míì o ti mi orí tán kí n tó sọ̀rọ̀ dópin. Ṣé wàá lè dúró níwájú wọn?"

"Níwájú àwọn ta ni, sà?"

"Àwọn ọmọ yunifásítì."

"Èmi, sà?"

"Ṣé o rí ẹlòmíì níbí ni?"

Bí mo ṣe di tísà nìyẹn o, èmi oníwèé mẹ́wàá, níwájú àwọn tó jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ti ń fá irùngbọ̀n. Mo kúrú, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo nàgà títí, ọwọ́ mi ò dókè bọ́ọ̀dù. Ẹni tó lọ sílùú òyìnbó ga ní tiẹ̀. Ohun tó kọ sókè pátápátá kó tó lọ ṣì wà níbẹ̀, n ò rí i pa rẹ́. Ìdajì ìsàlẹ̀ ni mo ń lò. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn, ó ga bí òpó iná. Ó ní, "Sisí Tísà, ṣé ká dorí bọ́ọ̀dù kodò fún yín ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ tó o ga tó yẹn, ṣé ọpọlọ ẹ náà dókè yẹn?" Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé ìyẹn ló tún pọ̀ jù. Látọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́, èmi àti gbogbo wọn. Mo délé, mo ròyìn bọ́ọ̀dù fún màmá mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹ ò tó òkè ẹ̀ lo lọ ń ṣe."

Ṣùgbọ́n Tísà nìkan kọ́ ló láṣẹ. Ó sọ ọ́ fún mi kedere. Ọ̀gá Àgbà wọn ní yunifásítì ń bọ̀ wá jókòó sí kíláàsì mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan. Bí àwọn ọmọ bá lè fi iṣẹ́ tí mo bá wọn ṣe dáhùn ìbéèrè ẹ̀ dáadáa, wọ́n á fi mí síbẹ̀. Màá máa kọ́ wọn níṣẹ́ àfọwọ́ṣe, màá sì máa bá wọn jókòó kọ́ èyí tó kù lọ́dọ̀ Tísà. Bí wọn ò bá rí i dáhùn, wọ́n á wá ẹlòmíì. Iṣẹ́ káàdì tèmi náà, onígbà díẹ̀ ni, ìparí oṣù yẹn ló sì máa tán.

Màmá mi ò fi tiẹ̀ pa mọ́. Ó ti sú u láti máa dá jókòó sọ́jà. Ó ní kí káfíńtà kan ṣe àpótí, igi gidi, ó fi fáníìṣì kùn ún, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n.

"Màmá, ta lẹ ra èyí dè?"

"Ìwọ ni. Kọ̀ǹpútà ò ní dúró dè ẹ́, ọmọ mi. Àpótí á dúró."

Kì í ṣe pé ó ń bá mi ṣọ̀tá. Ìfẹ́ ni. Mi ò sì kórìíra bọ́tìnnì, mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe máa ń dán nínú ìgò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn, ńṣe ni ẹsẹ̀ mi máa ń tutù.

Tísà wá ní kí n wá ohun gidi tá a máa fi ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé òyìnbó. Inú ìwé yẹn, àwọn tó ń ta ìṣó àti bóòtù ẹ̀rọ lásán ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Mo ronú, mo ronú. Mo ní, "Sà, ilé wa ńkọ́?"

Ilé wa wà ní Ìta Fájì. Agbo ilé ńlá ni: bàbá mi, àwọn àbúrò ẹ̀, àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ọmọ, àwọn ayálégbé lẹ́nu ọ̀nà, àgbàlá láàárín, kànga láàárín àgbàlá. Béèyàn bá lè to agbo ilé yẹn sínú kọ̀ǹpútà, tó wá bi í pé ta ló ń sùn ní yàrá wo, ta lọmọ ta ni, ta ló ń ṣiṣẹ́ níbo, tí kọ̀ǹpútà sì dáhùn, kí ló wá kù láyé tí kò ní lè tò?

Inú Tísà dùn sí i. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má là wọ́n lọ́nà o. Jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn béèrè."

Bàbá mi gbà wọ́n láyè. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n dé, gìrọ́gìrọ́, pẹ̀lú bírò àti bébà. Àwọn ọkùnrin ilé ti jáde, àwọn ọmọdé ti lọ sílé kéwú. Àwọn ìyàwó ilé ló kù. Mo ní lọ́kàn mi pé ìyẹn gan-an ló dáa. Ta ló mọ ilé ju ìyàwó ilé lọ? Àwọn ló ń bu oúnjẹ kálukú, àwọn ló mọ ẹni tó délé àti ẹni tí ò tíì dé. Mo pín àwọn ọmọ náà. Ẹgbẹ́ kan lọ bá ìyálé gbogbo wa. Ẹgbẹ́ kan lọ bá màmá mi, tó tìtorí àlejò dúró kó tó lọ sọ́jà. Ẹgbẹ́ kẹta lọ bá ìyàwó kékeré tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn gbogbo wọn. Mo rò pé mo gbọ́n o! Mo tiẹ̀ ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo ń rìn kiri àgbàlá bí ọ̀gá ilé-ìwé.

Ìyálé wo ọmọkùnrin gíga yẹn látòkè délẹ̀. "Ta ló bí ẹ tó o fi gùn báyìí? Ṣé o máa ń jẹun lójúmọ́?"

"Mo máa ń jẹun, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sùn ní yàrá tó kọjú sí kànga yẹn?"

"Akọ̀wé ni. Ọkọ mi àtàtà. Ọmọ ọwọ́ ni mo bá a nílé yìí, ẹ̀yìn mi báyìí ló sùn sí."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Akọ̀wé.

Lápá kejì, mo ń gbọ́ ohùn màmá mi: "Yàrá kànga? Eyínfúnjowó mi ló wà níbẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín báyìí, ẹ máa fọwọ́ bojú!" Àwọn yẹn náà kọ ọ́: Eyínfúnjowó.

Ìyàwó kékeré fi ìbòrí bo ẹnu. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹ jọ̀ọ́."

"Orúkọ ẹ̀ gan-an ńkọ́, Àǹtí?"

"Háà! Kí n fẹnu mi pe orúkọ ọkọ mi? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dá mi padà sílé wa ni?"

Wọ́n kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyálé fún gbogbo wọn ní ẹ̀kọ àti àkàrà, wọ́n jẹ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Èmi tí wọ́n bí sínú ilé yẹn, tí mo ti ń gbọ́ àwọn orúkọ yẹn látìgbà tí mo ti ń rákò, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ohun tó bá ti mọ́ ojú lára jù, ojú kì í rí i mọ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lu káàdì tiẹ̀ fúnra ẹ̀, torí Tísà ní ọwọ́ tiwọn náà gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́. Wọ́n kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Èsì jáde lórí bébà gígùn, ó sì gùn lóòótọ́, mo rò ó nínú mi pé, àbí ilé wa tóbi tó báyìí ni? Kí n tó rójú yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, Ọ̀gá Àgbà ti wọlé.

Ọkùnrin náà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó jókòó níwájú, àga ké lábẹ́ ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Ó yẹ ìwé ìbéèrè ọjọ́ Sátidé wò, ó ní kí n má wulẹ̀ dá ara mi lágara, òun kàn fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè ni.

"Ta ló ń sùn ní yàrá tó kọjú sí kànga?"

Ọmọkùnrin gíga ló mú bébà lọ́wọ́. Ó kà á tìgboyàtìgboyà. "Akọ̀wé, sà. Eyínfúnjowó. Àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bẹ́ẹ̀dì mélòó ló wà níbẹ̀?"

Ó ṣí bébà síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Ọ̀kan, sà."

"Hẹn-ẹn. Níbo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́?"

"Akọ̀wé, wọ́ọ̀fù Àpápá. Eyínfúnjowó, wọ́ọ̀fù Àpápá." Ohùn ẹ̀ ti ń wálẹ̀. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́... wọ́ọ̀fù Àpápá, sà."

"Ta ni ìyá wọn?"

"Ìyá kan náà, sà."

"Ìbẹta ni wọ́n ni?"

Tísà ń wo táì ara ẹ̀. Mo rí àpótí yẹn níwájú mi gedegbe, fáníìṣì ẹ̀ ń dán. Mo rí ìgò bọ́tìnnì. Mo sì rí i, lójú kan náà, bí àbúrò bàbá mi, ọkùnrin tín-ín-rín tó jẹ́ jẹ́jẹ́, ṣe dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo pẹ̀lú ara ẹ̀ méjì míì, wọ́n ń fa aṣọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. N ò mọ̀ ọ́n dá dúró. Mo fọwọ́ bo ẹnu, ó gba imú jáde.

Ọ̀gá Àgbà yíjú sí mi. "Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín, Sisí?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ wọ́n ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ta ni wọ́n?"

"Àbúrò bàbá mi ni, sà."

Ó wò mí. Mo fẹ́ ṣàlàyé, gbogbo ẹ̀ ti wà lẹ́nu mi, mo wá rántí ohun tí Tísà sọ: má là wọ́n lọ́nà. Mo kọjú sí àwọn ọmọ.

"Nílé tiyín, kí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ń pè yín?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Mo nawọ́ sí ọmọkùnrin gíga.

"Sisí Tísà, ẹ jọ̀ọ́. Níwájú Ọ̀gá?"

"Níwájú Ọ̀gá."

Ó wolẹ̀. "Adúmáradán."

Kíláàsì fọ́! Òmíràn ní, "Èmi, Ajíṣafẹ́ ni wọ́n ń pè mí." Ọmọbìnrin kan ní, "Ìbàdíàrán," ó sì fi ìwé bojú. Ariwo ta. Kò sẹ́ni tí kò ní. Ta ni ò mọ àṣà yìí nílẹ̀ wa? Ìyàwó kì í fẹnu pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, bó jẹ́ ọmọ tó ń rákò ni. Á wo ìwà ẹ̀, á wo ara ẹ̀, á fún un ní orúkọ tó wu òun. Ìyàwó mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta. Èmi ni mo sì rán àwọn ọmọ yẹn lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyàwó nìkan, àwọn tí kò ní pe orúkọ yẹn láéláé!

Mo dúró kí ariwo rọlẹ̀. Mo ní, "Adúmáradán, ṣé owó ilé-ìwé tìẹ yàtọ̀ sí ti ìwọ fúnra ẹ?"

"Rárá o. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń san, òun náà sì nira."

"Bí Adúmáradán bá fèèlì ìdánwò, ta ló fèèlì?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Èmi ni."

"Ó dáa. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí káàdì wa?"

Ọmọbìnrin kan wà níwájú tí kì í sọ̀rọ̀. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ wọn, n ò tíì gbóhùn ẹ̀ ju kí ó kí mi lọ. Òun ló dìde. Ó ń fa etí gèlè ẹ̀.

"A fi orúkọ ṣe èèyàn," ó ní. "Wọ́n pe ọkùnrin kan lọ́nà mẹ́ta, a kọ ọkùnrin mẹ́ta."

"Kí la máa ṣe?"

Ó wá síbi bọ́ọ̀dù. Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ya ilé kan, ó ya ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Ká yọ orúkọ kúrò lára èèyàn. Kí èèyàn ní káàdì tiẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, pẹ̀lú nọ́ńbà tẹ́nì kankan ò ní fi pe ẹlòmíì. Yàrá ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀, òbí ẹ̀, ibẹ̀ ni kó wà. Kí orúkọ náà wá ní káàdì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Orúkọ rèé, nọ́ńbà ẹni tó ń jẹ́ ẹ rèé, nọ́ńbà ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ rèé. Kí ogún ìyàwó wọlé, ogún káàdì orúkọ la máa fi kún un. Èèyàn ò ní pọ̀ sí i."

Ó fa ìlà láti ilé kan sí ìkejì. Ó dà bí ẹni la ilẹ̀kùn sára ògiri. Mo fẹ́ fò sókè níbẹ̀!

Ọ̀gá Àgbà tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ọmọ tí wọ́n bí lánàá nínú ilé náà ńkọ́?"

"Káàdì èèyàn kan, sà, pẹ̀lú orúkọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ bá sọ ọ́. Àwọn ìyàwó ò ní fún un ní òmíràn, torí òun ló bá wọn nílé, kì í ṣe pé àwọn ló..." Ó dákẹ́. Ó yíjú padà, ó ń wo ohun tó yà. "Ẹ dúró, sà. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé nìkan ló ń fún lórúkọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, káàdì orúkọ yìí á lè sọ fún wa ẹni tó ṣáájú ẹni wọlé yẹn. Ìyàwó wo ló dé kí wọ́n tó bí ta ni. A ò sì béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó ti wà níbẹ̀ fúnra ẹ̀!"

Ẹ gbọ́, èmi náà ò rò ó débẹ̀. Inú agbo ilé yẹn ni mo dàgbà sí, n ò rò ó débẹ̀ rí láyé mi. Orí mi wú. Tísà ti gbàgbé táì ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ọ̀gá Àgbà dìde. Àga mí kanlẹ̀. Ó rìn lọ síbi bọ́ọ̀dù, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láyé," ó ní. "Títí dòní, Abẹ́rẹ́ ló ń pè mí."

Ọkùnrin tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn! Ọmọkùnrin gíga ti gé ètè ara ẹ̀ jẹ.

"Ẹ lè rẹ́rìn-ín," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Háà, ẹ̀rín! Wọ́n gbọ́ ẹ̀rín yẹn lódìkejì odò, ó dá mi lójú. Òun náà rín in, ikùn ẹ̀ ń mì. Ó wá yíjú sí Tísà. "Ẹ má wá ẹlòmíì mọ́. Ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó máa bá wọn jókòó kẹ́kọ̀ọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo tún kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tísà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù pàápàá. Bí wọ́n ṣe ní kí kíláàsì túká báyìí, mo ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni okùn bàtà mi ti já. N ò dúró.

Bí mo ṣe dé Apọ́ngbọ̀n nìyẹn, tí mo ń mi orí sí àpótí.

Màmá mi rọra jókòó lórí àpótí náà fúnra ẹ̀, ó fọwọ́ pa igi ẹ̀ lára. Ọkàn mi fẹ́ rọ̀ díẹ̀. Ó ní, "Wọ́n á máa pè ẹ́ ní tísà?"

"Wọ́n ti ń pè mí, Màmá. Sisí Tísà."

"Àwọn tó ní irùngbọ̀n yẹn?"

"Àwọn tó ní irùngbọ̀n, Màmá."

Ẹnu ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ya díẹ̀díẹ̀, ó ń gbìyànjú láti pa á dé, kò rí i pa dé. "Kí lo wá sọ fún wọn tí wọ́n fi gbà?"

"Eyínfúnjowó yín ló gbà mí sílẹ̀."

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Nígbà tí mo débi bẹ́ẹ̀dì, ó ti di ikùn mú, ó ń pe obìnrin tó ń ta aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ gbà mí, ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ mi fi ọkọ mi ṣe!" Ló bá fà mí mọ́ra, tòun ti ṣọ́ọ̀kì. Ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ ó tọ́jọ́. Máa ṣe é lọ." Èmi àti òun jọ wá òwú tó bọ́ sí gọ́tà.

Nírọ̀lẹ́, ìròyìn ti gba ilé kan. Àbúrò bàbá mi ti wọ́ọ̀fù dé, kò tíì bọ́ bàtà, tí àwọn ìyàwó tò sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń kí i: "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!" Nígbà tó gbọ́ ìdí ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ funfun báláú. Ó ní, "Èwo nínú mi ló máa jẹun?"

Ìyálé ní, "Gbogbo yín ni. Ṣùgbọ́n abọ́ kan!"

Bàbá mi jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ìrun, kò sọ púpọ̀, ó kàn ń pè mí pé kí n wá gbé omi fún òun, tí mo bá gbé e dé á ní, "Ẹ ṣé, Tísà." Ó ránṣẹ́ omi yẹn ju bó ṣe ń gbẹ ẹ́ lọ́fun lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wẹ̀, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì mi kejì, mo fi píìnì so okùn bàtà tó já. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá màmá mi níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́.

"Gbà."

"Màmá, ẹ ní kí n máa ṣe é lọ—"

"Ta ló ní kó o wá sọ́jà? Ìyàwó kékeré ló máa bá mi jókòó, ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí, òun á sì gbé àpótí tiẹ̀ wá. Tìẹ rèé. Ìwọ lo sọ fún mi pé ọwọ́ ẹ ò dókè."

Mo kúnlẹ̀, ó gbé e lé mi lórí, bí ẹni gbé ẹrù lé ìyàwó lórí, ó tún un ṣe kó má baà yẹ̀. Mo gba Pópó Àgùdà kọjá, ọrùn mi nà gbọnrangandan. Ìyá àgbà kan ń yọjú lójú fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn. "Sisí, ibo lò ń gbé àpótí lọ láàárọ̀ yìí?"

"Ilé-ìwé ni, Màmá!"

"Wọn ò ní àga níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní, Màmá. Òkè ni mo ń lọ!"

Mo gun àtẹ̀gùn. Yàrá ṣófo, kò tíì sí ọmọ kankan. Mo gbé àpótí sídìí bọ́ọ̀dù, mo bọ́ bàtà, mo gun ún. Mo mú dọ́sítà, mo nu gbogbo ohun tí ẹni tó lọ sílùú òyìnbó fi sílẹ̀ lókè pátápátá, eruku ẹ̀ bọ́ sí mi nírun, mo tún nu ún lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dúdú dáadáa. Mo wá mú ṣọ́ọ̀kì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà láti òkè wá.